Apá Kẹtàlá Ọkọ̀ Lékèélékèé

Ọjọ́ kan péré ni ìròyìn náà fi pẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ọ̀hún ti tó láti sọ òkú ọlọ́lá di ẹrú.

Adùnọlá ò tíì mọ̀. Ó jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀ lókè Ilé Ojúdò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe eré àwòrán, ó ń wo ọ̀sà Èpẹ́ láti ojú fèrèsé, níbi tí òrùlé àwọn ilé àtijọ́ ti yọ lójú omi bí ẹ̀yìn erinmi. Ọkàn rẹ̀ ti rìn jìnnà, bí ìṣe rẹ̀. Bó bá ka ojú ìwé kan, á fi àlá kọ ojú ìwé mẹ́ta mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ló dá a padà. Ilẹ̀kùn náà ń bá ẹnì kan jà.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ojú yín sókè," ni ilẹ̀kùn wí.

"Mo ti gbé e sókè. Òun nìyí. Ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mo ti ń gbé e kiri."

"Mi ò rí yín nínú ìwé mi."

"Èmi náà ò rí ọ nínú tèmi. Ilẹ̀kùn tí kò ṣeé kàn, ògiri ni."

Adùnọlá mọ ohùn yẹn. Ó fò dìde, ó sáré sọ̀kalẹ̀. Bàbá Ṣówándé ló dúró síta, àkọ́bí Màmá Ẹfúntọ́lá, òṣèré àgbà tó ń kọ́ Adùnọlá, tí iyọ̀ òkun ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di okùn funfun. Lórí oko ẹja kan lójú òkun ló ń gbé, nítorí pé láti ogún ọdún sẹ́yìn ni ojú rẹ̀ ti wà ní títì nínú gbogbo ẹ̀rọ. Kò sí ilẹ̀kùn tó mọ̀ ọ́n ní gbogbo ìlú, kò sí ọkọ̀ orí okùn tó lè gbé e. Bó bá wọ Èpẹ́, àfi kí ẹni tí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fà á lọ́wọ́ wọlé.

Adùnọlá gbé ojú tirẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàbọ̀, Adùnọlá," ni ilẹ̀kùn wí, ohùn rẹ̀ sì di oyin. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ẹrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yìí?"

"Èmi ni mo ni ín," ni Adùnọlá wí. Ojú tì í.

"Ẹrù àgbà ni o," ni Bàbá Ṣówándé wí. "Rọra gbé mi, kí n má fọ́." Ẹnu ló fi rẹ́rìn-ín náà, inú rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Nǹkan kan wà lábẹ́ apá rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ funfun wé, tó rí roboto bí igbá.

Adùnọlá kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Màmá ńkọ́?"

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, sà. Màmá ńkọ́, Bàbá?"

"Wá jókòó ná."

Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ nílé mọ̀ pé bí o bá béèrè ènìyàn lọ́wọ́ àgbà, tí àgbà sì ń béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ, kí o yáa wá ibi jókòó. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Màmá ti lọ sinmi," ni Bàbá wí. "Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni. Wọ́n mu ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n ní ẹ̀kọ náà ò dùn, wọ́n bú ẹni tó sè é, wọ́n sì fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tí wọn ò bú kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ṣe é pé."

Adùnọlá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ó sunkún díẹ̀, Bàbá sì jẹ́ kó sun ún. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Òní ni Ọjọ́ Ẹtì.

"Bàbá, ṣé ẹnì kan ti dé Ilé Ojú?"

"Láti lọ ṣe kí ni?"

"Láti lọ ti ojú Màmá, kí ẹ̀rọ kankan má lè fi í ṣe eré. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń fún ẹbí! Bí ẹbí ò bá yọjú títí ọjọ́ mẹ́ta fi pé, ojú òkú ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ sí i ló ni ín."

"Ta ni ì bá lọ? Àwọn àbúrò mi ò lè tú u síta láìjẹ́ pé èmi gbọ́. Àkọ́bí ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ikú ìyá, kí ayé tó gbọ́. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n rán ọkọ̀ sí mi lójú òkun, ìgbì ò jẹ́ kó tètè dé. Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo gúnlẹ̀. Àbí kí akọ̀wé Ilé Ojú gbọ́ ikú ìyá mi kí èmi tó…"

Ó ti gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ.

Akọ̀wé Ilé Ojú, níbi tí ìjọba ń kó ojú gbogbo ènìyàn sí, ti gbọ́. Ẹ̀gbà tí ìjọba fi sọ́wọ́ gbogbo arúgbó ti ké sí wọn ní ìṣẹ́jú tí ọkàn Màmá dúró. Nígbà tí ọmọ márùn-ún jókòó yí òkú ìyá wọn ká, tí wọ́n ń pa á mọ́ de ẹ̀gbọ́n wọn, ẹ̀rọ ti ń ka ọjọ́ ní tirẹ̀.

"A ò mọ̀ọ́mọ̀," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì kéré.

"Adùn!" Ohùn Ọ̀gá Kásùnmú, ẹni tó ni Ilé Ojúdò, bú jáde látinú ògiri. "Adùn mi àtàtà! Fi ohunkóhun tó ò ń ṣe sílẹ̀. Ọlọ́run ti bá wa ṣe é! Máa bọ̀ kíá!"

Bàbá Ṣówándé wo ògiri, ó wo Adùnọlá.

"Ó jọ pé òun ti gbọ́," ni ó wí.

*

Ta ni kò mọ Ọkọ̀ Lékèélékèé? Ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn òṣèré kan fi páálí, igbá àti iná mọ́tò àlòkù kan ọkọ̀ kan nínú àká pákó, tí wọ́n sì fi í rin àárín ìràwọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n fún ọ̀sẹ̀ méjìlá gbáko. Ẹfúntọ́lá ni Ọ̀gákọ̀ Ìyùn, tó dé akoto igbá tí wọ́n kùn ní funfun. Ní ìparí apá kejìlá, àwọn aláṣẹ ayé ránṣẹ́ sí ọ̀gákọ̀ pé kó yí ọkọ̀ padà. Ó gbé ojú sókè, ó wo gbogbo ẹni tó ń wò ó, ó la ẹnu, àwòrán sì dúró. Apá kẹtàlá ò jáde. Àwọn tó wà nípò nígbà náà ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Wọ́n fi àgádágodo sẹ́nu àká, wọ́n sì kó gbogbo ìwé eré náà lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń jiyàn nídìí ayò àti lábẹ́ abẹ onígbàjámọ̀: ṣé ó padà ni, àbí kò padà?

Inú fóònù fífọ́ kan tí Adùnọlá yá lọ́wọ́ ìyàwó onílé wọn ló ti kọ́kọ́ rí i. Ojú fóònù náà ti là sí méjì, apá kan ṣókùnkùn. Àwòrán àbọ̀ ló rí. Ó fi àlá dí àbọ̀ tó kù.

Nígbà tí Ojúdò pinnu láti jí eré náà dìde fún àwọn òǹwòran ìsinsìnyí, Adùnọlá ni wọ́n rán sí Màmá. Màmá gbà, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ fún wọn: alààyè ni kó ṣe é, ìparí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ayé. Ọ̀gá Kásùnmú rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ó sì ń fi ọgbọ́n sún ọjọ́ síwájú. Ọdún méjì gbáko ni Màmá fi kọ́ Adùnọlá ní apá kẹtàlá, láti ẹnu sí etí. Kò jẹ́ kó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. "Ohun tó bá wà nínú ìwé, wọ́n á wá kó o," ni Màmá máa ń wí. "Ohun tó bá wà lẹ́nu, àfi kí wọ́n bẹ ẹlẹ́nu."

Ní báyìí, Ọ̀gá Kásùnmú dúró láàárín yàrá ìwòran, ó ṣí fìlà, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó ti sunkún ayọ̀.

"Ọ̀gá, Màmá ti kú," ni Adùnọlá wí.

"Mo gbọ́. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Tọkàntọkàn ló sọ ọ́. "Kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀, Adùn. Àgbà lọ. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì lọ tán! Láti àárọ̀ àná ni ojú wọn ti ṣí, a ò sì jẹ́ kó tutù. Jókòó. Wò ó."

Adùnọlá jókòó. Iná pupa kékeré kan tàn sí ẹyinjú rẹ̀, ó ń yẹ inú rẹ̀ wò bí alágbàfọ̀ ṣe ń yẹ àpò aṣọ wò. Lẹ́yìn náà ni ògiri parẹ́. Inú Ọkọ̀ Lékèélékèé ló wà. Kì í ṣe páálí mọ́; irin tó ń dán ni. Ọ̀gákọ̀ Ìyùn sì dúró níwájú rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, eyín iwájú tó là díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìpéǹpéjú òsì tó máa ń gbọ̀n bí inú bá ń bí i ṣì ń gbọ̀n. Àṣẹ ayé dún: kí ọkọ̀ padà. Ọ̀gákọ̀ gbé ojú sókè. Ó wo Adùnọlá nìkan, ó la ẹnu.

"Adùnọlá, ọmọ mi, o káre," ni ó wí. "Nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́, ìwọ lo dára jù. Ẹ̀rù má bà ọ́ mọ́. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Omijé bọ́ lójú Adùnọlá kó tó mọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ dáhùn pé, "Ó dáa, Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ohun tó dì í mú ni pé, nínú ọdún méjì tó fi ń lọ kúnlẹ̀ níwájú obìnrin yẹn, kò gbọ́ "o káre" lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí Màmá máa ń sọ kò ju ọ̀kan lọ: "Tún un sọ."

"Ta ló kọ ọ̀rọ̀ yìí?" ni ó béèrè.

"Ìwọ ni. Ojú rẹ ló kọ ọ́; ohun tó ń wù ọ́ ni ẹ̀rọ kà níbẹ̀." Ọ̀gá Kásùnmú ń fi fìlà nu ojú. "Èmi, wọ́n pè mí ní Kásì. Orúkọ tí ìyá mi fi ń pè mí! Wọ́n ní, 'Kásì, a ti ń bọ̀ nílé.' Adùn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi fi apá kejìlá hàn mí. Mo sunkún títí ibà fi mú mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fẹ́ kí obìnrin yẹn padà sílé. Ṣé ìwà ìkà nìyẹn?"

"Rárá, sà. Kì í ṣe ìwà ìkà."

"Ẹni tó bá fẹ́ kó padà, á padà fún un. Ẹni tó bá fẹ́ kó jà, á jà fún un. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ́kọ, a óò wá ọkọ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà kan wà tí wọ́n ń béèrè ojúlówó, èyí tí ìjọba kó lọ lọ́jọ́sí. Ẹnu rẹ ló wà. Sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, kí a fi í kún àwọn ìparí tó kù."

"Kún wọn?"

"Ẹni tó bá wù, á rí i. Orúkọ rẹ ló máa ṣáájú àwòrán, Adùn: 'Láti ẹnu Adùnọlá.' Ṣé kì í ṣe ohun tó o ti ń fojú orun àti ojú àìsùn lá nìyẹn?"

Ohun tó ń lá ni. Kò lè parọ́.

"Bí mo bá kọ̀ ńkọ́, sà?"

"Ọ̀la náà la óò jáde. Èèyàn kankan ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé o kọ̀." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ fún ọmọ pé òjò ń bọ̀, kó gbé aṣọ wọlé.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bá Bàbá ná. Wọ́n wà nísàlẹ̀."

"Lọ, lọ. Fún wọn lómi tútù. Sọ pé mo bá wọn kẹ́dùn."

*

Bàbá Ṣówándé ti lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, níbi tí omi ọ̀sà ti ń lá ẹsẹ̀ òkúta. Adùnọlá ròyìn ohun gbogbo fún un. Nígbà tó dé ibi "o káre", Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá mi? Ó sọ 'o káre'? Ẹ̀rọ yẹn ò mọ ìyá mi rí."

Ó tú aṣọ funfun náà. Akoto igbá ni, akoto gan-an, ọ̀dà funfun rẹ̀ ti ń bó, wọ́n ti fi okùn ọ̀ra rán ibi tó sán. Adùnọlá ò tíì fọwọ́ kàn án rí. Màmá kì í jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

"Wo inú rẹ̀," ni Bàbá wí.

Orúkọ méjì ni wọ́n fi ìṣó kọ sínú igbá náà. Àkọ́kọ́ ni ti Abọ́sẹ̀dé, obìnrin tó ṣe ọ̀gákọ̀ ní apá kìíní àti ìkejì kí àìsàn tó dá a dúró. Ìkejì ni Ẹfúntọ́lá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo.

"Ọjọ́ Àìkú ni Màmá gbé e fún àbúrò mi pé ìwọ ni kó fún. Wọ́n tún rán an níṣẹ́."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní, 'Sọ fún ọmọ yẹn pé ó ṣì ń yára jù ní ìparí.'"

Adùnọlá rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí aṣọ nu ojú. "Màmá nìyẹn," ni ó wí. "Màmá gan-an nìyẹn."

Ọkọ̀ orí okùn kan kọjá lókè wọn, òjìji rẹ̀ sáré lórí omi bí ẹja ńlá.

"Ọ̀nà kan ṣì wà," ni Bàbá wí. "Mi ò fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ó má dà bíi pé mo wá kó ọ sí wàhálà tí àwa fúnra wa dá sílẹ̀. Ìwọ náà ò ṣe béèrè rí ìdí tí ojú mi fi tì?"

"Ẹ̀rù bà mí láti béèrè, sà."

"Bàbá mi ló ṣe alásè inú ọkọ̀ nínú eré náà. Nígbà tó kú, àwọn kan nawọ́ sí ojú rẹ̀. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe? Wọ́n fẹ́ fi polówó oúnjẹ ológbò."

"Ológbò kẹ̀?"

"Wọ́n ti ń mú un ké 'miáù'! Mo fi ojú mi rí i. Bàbá mi, tí àwọn àgbà ń dìde fún! Ni mo bá lọ dúró." Ó tutọ́ sómi. "Òfin kan wà. Màmá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ló fi ọjọ́ mọ́kànlá jókòó sójú títì kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ ìjọba. Ibi tí alààyè bá dúró, àwòrán á yẹ̀. Ẹni tó bá gba ipa lẹ́nu ẹni tó ni ín, tó sì dúró pé òun ló kàn, gbogbo ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ fi ojú òkú náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kì í ṣe ẹbí nìkan. Kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbàkígbà ni."

Adùnọlá ti dìde. "Èmi gbà á lẹ́nu wọn!"

"Jókòó. N kò tíì sọ ibi tí ẹ̀gún wà. Àwọn tó ṣòfin rí i pé àwọn ò lè kọ̀, wọ́n bá fi ẹ̀gún sí i nídìí: ojú ẹni tó bá dúró gbọ́dọ̀ kúrò nínú gbogbo ẹ̀rọ. Gbogbo rẹ̀. Títí ayé. Wọ́n rò pé kò ní sí ẹni tó máa lè gbé e."

"Ẹni mélòó ló ti gbé e?"

"Èmi mọ mẹ́rin. Èmi ni ọ̀kan."

Adùnọlá jókòó padà. Ó ronú nípa ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, tó máa ń kí i káàbọ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó ronú nípa ọkọ̀ orí okùn tó ń gbé e lọ sí Ìbàdàn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní gbogbo ìparí oṣù, tí á sì dé kí ìyá rẹ̀ tó sọ ọbẹ̀ kalẹ̀. Ó ronú nípa orúkọ rẹ̀ níwájú àwòrán. Ó ronú nípa ilẹ̀kùn tó ń béèrè pé, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ẹrù yìí?

"Báwo ló ṣe rí, Bàbá? Ẹ má tàn mí."

"Ọdún àkọ́kọ́ burú. Wàá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bí ajá tí olówó rẹ̀ gbàgbé síta. Lọ́dún kejì, wàá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kànkùn. Wàá fi ìkúùkù kàn án, wàá sì ké pé 'Àgò o!' Iye ènìyàn tó ṣì ń dáhùn á yà ọ́ lẹ́nu."

"Ìyá mi wà ní Ìbàdàn."

"Ọjọ́ mẹ́ta ni, bó o bá wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, èyí tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tù, tó o sì fẹsẹ̀ rìn. Mo ti rìn ín. Ìyá rẹ ò ní ṣí ìwé kó tó mọ ojú rẹ." Ó na ọwọ́, ó gbé akoto náà kúrò lórí itan rẹ̀, ó gbé e sáàárín àwọn méjèèjì. "Mi ò fi dandan mú ọ. Àṣà ilé wa ló pẹ́, kì í ṣe ìwọ. Bó o bá fún wọn, n kò ní bá ọ jà, n kò sì ní sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ."

Omi ń lá òkúta. Ó ṣe díẹ̀, Bàbá Ṣówándé tún la ẹnu, ṣùgbọ́n ohùn mìíràn ló jáde, ohùn ọkùnrin tó ń nu ọwọ́ ọlọ́bẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Ọ̀gákọ̀, wọ́n ní ká padà. Ṣé ká padà ni?"

Ọ̀rọ̀ alásè ni, nínú apá kẹtàlá. Adùnọlá ti rò pé Màmá àti òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Kò ronú kàn án rí pé bí ọ̀gákọ̀ ṣe fi ipa rẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu sí etí, bẹ́ẹ̀ náà ni alásè ṣe fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Pé fún ogún ọdún ni ọkùnrin yìí ti ń gbé ìbéèrè kan kiri lójú òkun, láìrí ẹni dá a lóhùn.

Ó gbé akoto náà, ó dé e. Ó fẹ̀ fún un díẹ̀. Ó wo omi lọ títí dé ibi tí omi ti pàdé ojú ọ̀run. Ó mí. Kò yára.

"Gbé ìkòkò kaná, alásè," ni ó wí. "Ọ̀nà ṣì jìn."

Ìparí náà nìyẹn. Kò sí ìjà, kò sí ohun tó bú gbàmù. Ọgọ́ta ọdún ni àwọn èèyàn fi ń jiyàn, ìkòkò ọbẹ̀ ló sì jẹ́ ìdáhùn.

Bàbá Ṣówándé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "O ò yára," ni ó wí. Lẹ́yìn náà, ó wá ìṣó kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó sì gbé e ka orí òkúta.

*

"Ẹ káàbọ̀, Adùnọlá," ni ilẹ̀kùn wí, bí oyin.

"O ṣé," ni Adùnọlá dá a lóhùn. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Nígbà tó wọ yàrá ìwòran, Ọ̀gá Kásùnmú rí ohun tó dé sórí, ó sì pàtẹ́wọ́. "Akoto gidi! Áà, Adùn, ìwọ ọmọ yìí! Gbé e wá ká yàwòrán rẹ̀!"

"Ẹ má bínú, sà. Mo ti kọ orúkọ mi sínú rẹ̀."

Ẹ̀rín Ọ̀gá dúró lágbedeméjì. Kì í ṣe òmùgọ̀. Àwọn òṣèré ti bá a ṣiṣẹ́ ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó mọ ohun tí ìkọwé inú akoto túmọ̀ sí. Ó lọ ti fèrèsé, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Ta ló sọ ọ́ fún ọ? Ẹrù ìsàlẹ̀ yẹn?"

"Alásè ni, sà."

"Adùnọlá, gbọ́ mi. Èmi ni mo gbà ọ́ síṣẹ́ nígbà tí o ò ní ìwé ẹ̀rí kankan, àfi ìwé ìtàn àyálò lábẹ́ abíyá. Mo fẹ́ràn rẹ. Ṣé o fẹ́ kí ilẹ̀kùn máa pè ọ́ lẹ́rù? Ta ló máa wo eré páálí nínú oòrùn?"

"Àwọn tó bá wá. Ọ̀la, ní ọ̀sán, ní èbúté. Ẹ̀yin náà ẹ wá, Ọ̀gá. Ibẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn."

"Torí òkú! Òkú tí kò tiẹ̀ mọ̀ mọ́!"

"Kì í ṣe torí òkú, sà. Ọdún méjì ni Màmá fi sọ fún mi pé kí n tún un sọ. Ẹ̀rọ yín fi ìṣẹ́jú kan sọ fún mi pé mo káre, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ó máa sọ fún gbogbo ayé pé wọ́n káre. Oníkálùkù á wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, oníkálùkù á padà sílé tirẹ̀, kò ní sí ohun kan tí a jọ rí tí a lè jọ jiyàn lé lórí. Ẹ̀yin náà sunkún nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, torí pé obìnrin yẹn ò ṣe ohun tí ẹ fẹ́. Ìdí tí ẹ ò fi gbàgbé rẹ̀ nìyẹn."

Ọ̀gá Kásùnmú yí ojú sí ògiri, níbi tí iná pupa kékeré náà ti ń tàn, tó ń gbọ́, tó ń dúró.

"Má sọ ọ́," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti di ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. "Bó o bá sọ ọ́ kedere níwájú mi, òfin ti mú un nìyẹn. N kò ní lè fà á padà fún ọ. Sọ fún mi pé o fẹ́ lọ sùn lé e lórí. Sọ ohunkóhun. Kásì ń bẹ̀ ọ́."

Adùnọlá ṣàánú rẹ̀, òdodo ni. Ó dúró gírígírí, ó gbé ojú rẹ̀ síwájú iná pupa náà fún ìgbà ìkẹyìn, ó wo ọ̀gá rẹ̀, kò sì yára.

"Èmi Adùnọlá ni ọ̀gákọ̀ Lékèélékèé. Mo gba ipa náà lẹ́nu ẹni tó ni ín. Ẹ pa ojú mi rẹ́, Ọ̀gá, kí ẹ sì fi ojú Màmá Ẹfúntọ́lá sílẹ̀. Mi ò ní padà."